Igi Iṣu Tí Mo Gbé Lọ sí Ìpàdé Núkílíà

Abà Fágbèmí,
lọ́nà Ọ̀yọ́.

Ọ̀ṣúnwùmí Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tó wà ní yunifásítì máa ka irú ìwé yìí, tó dà bí ibi tí adìyẹ ti tanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kìn-ín-ní ni ìwọ wà, ọdún kìn-ín-ní ni èmi náà wà nílé-ìwé àwọn àgbàlagbà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ ló ń kọ̀wé sí ọ. Bí o bá rí àmì ohùn tí mo gbé síbi tí kò yẹ, bá mi gbé e kúrò, má jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá rí i.

Ṣé ara le? O kú iṣẹ́ ìwé, o kú àìrójú. Orí rẹ kò ní gbàgbé ohun tí ojú rẹ bá kà. Ariwo àdúgbò Under G tí ẹ̀ ń gbé kò ní bo ohùn ire mọ́ ọ létí. Àmín.

Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé fóònù mi máa ń pariwo, bí o bá ń sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ á ti máa dá ọ lóhùn láti ìdí ààrò, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti ìdí ààrò. Mátíù awakọ̀ ló máa gbé e wá, mo sì ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ẹnu lẹ́tà ni o, kì í ṣe ẹnu Mátíù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwé kan dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ni Baálẹ̀ bá ránṣẹ́ pè mí, ó ní Fádèyí, ìwọ lò ń lọ sílé-ìwé, kà á kí a gbọ́. Ọlọ́run ṣe é, yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́ àti ọjọ́ ìpàdé, mo dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta mọ̀. Sitéèkì, ọ̀gá àgírìkì tó ń wá kọ́ wa níṣẹ́ oko ti kọ́ wa pé òun ni igi tí a ń rì mọ́lẹ̀ kí iṣu lè fà gùn ún. Hódà, Tíṣà wa, Raliat, ti sọ pé hóòdù ni kí ènìyàn di nǹkan mú. Pláǹtì, ìyẹn ni kí a gbin nǹkan. Ọ̀kan wà láàárín tí n kò mọ̀, núkílíà, mo sì gbà pé orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn nìyẹn. Mo wá sọ fún Baálẹ̀ àti àwọn tó pé jọ pé ìjọba ti mú iṣu tuntun kan dé, Núkílíà ló ń jẹ́, ó ń fà, kí àwọn tó bá ní igi lọ́wọ́ wá sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àlàmú aládùúgbò wa bi mí bóyá ó dára fún iyán. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Mo gé igi méjìdínlógún, mo dì wọ́n. Mùílì ọlọ́kadà ní owó èrò méjì lòun máa gbà nítorí pé igi mi ga jù mí lọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹ̀ṣọ́ bi mí pé bàbá, ta lẹ fẹ́ lọ nà. Mo ní sitéèkì-hódà ni mí. Ó wo ìwé, ó wo igi, ó ní kí n wọlé.

Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè orúkọ, ibi tí a ti wá, àti ohun tí a fẹ́ bá wọn sọ. Èmi akẹ́kọ̀ọ́, mo kọ tèmi kí ẹlòmíràn tó gbé bírò. Mo ní èmi Fádèyí gbà kí ẹ wá gbìn ín sí oko kajú wa létí odò, ilẹ̀ náà fẹ̀, omi rẹ̀ kì í gbẹ, mo ti gé igi. Mo buwọ́ lù ú, mo sọ ọ́ sínú àpótí tí wọ́n fi àgádágodo tì.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde, Ẹnjiníà Títílọlá, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. N kò gbọ́ kí ó dárúkọ iṣu rárá. Ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá ni pláǹtì yìí, òkúta kan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n á mú ooru jáde nínú rẹ̀, ooru á se omi, èéfín omi á sì máa yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Mo rò ó nínú ara mi pé ìyá rẹ ń se omi lójoojúmọ́, a kò rí iná. Bàbá oníṢàngó kan ní oníná kan ti wà l'Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó dé, ṣé wọ́n ti sọ fún un? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kúnlẹ̀, ó ní ohun tó gbé àwọn wá gan-an nìyẹn, àwọn kò ní dáná sílé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Ìyá aláṣọ kan bi í bóyá kò léwu. Kò purọ́. Ó ní ó léwu bí a kò bá ṣọ́ ọ, eérú rẹ̀ lè ṣeni ní jàǹbá fún iye ọdún tí ọmọ ọmọ wa kò ní kà tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá ilẹ̀ tó fẹ̀, tó sì sún mọ́ omi.

Ilẹ̀ tó fẹ̀. Omi. Ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù gan-an nìyẹn. O mọ̀ pé ìyá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin kajú yẹn lọ́dún tí a bí ọ, kajú yẹn náà ló sì ń san owó ilé-ìwé rẹ. Èmi ti fi bírò wọn gbé e fún wọn.

Ọjọ́ márùn-ún ni n kò fi lè jẹun dáadáa. Bí jíìpù bá fọn fèrè lójú títì, mo ti wọgbó. Ìyá rẹ ní kí ló dé tí mo ń yí kajú òun ká bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ọdẹ. Ó se àgbo ibà fún mi, mo mu ún, kì í ṣe ibà. Lọ́jọ́ kẹfà, Tíṣà Raliat ń pe ọ̀rọ̀ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pe ilẹ̀, mo kọ ilẹ̀, omijé bọ́ sórí ìwé. Mo jẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn kíláàsì. Kò rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo dé orí igi. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń padà bọ̀ wá dáhùn gbogbo ohun tí a kọ, kí n lọ gbọ́.

Mo lọ, n kò gbé igi. Wọ́n ń ka fọ́ọ̀mù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan tèmi. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan ní kí wọ́n bi mí bóyá núkílíà funfun ni mo fẹ́ gbìn tàbí pupa. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, ìwé yìí kì í ṣe ìwé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹ fi bírò sọ ni. Ó ní wọn kò tíì mú ibì kankan, bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ mú un, gbogbo ẹbí ló máa jókòó sí i, ọwọ́ ẹnì kan kò lè gbé oko lọ. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ igi méjìdínlógún kúrò lórí rẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé pé sitéèkì-hódà ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, tí nǹkan rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi Àmọ̀kẹ́ ni sitéèkì-hódà, òun ló ni kajú, èmi kàn ń gé igi ni. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìpàdé kẹta dé, Yorùbá ni wọ́n fi kọ èyí, orúkọ ìyá rẹ ló wà lórí rẹ̀. Ó ní báwo ni ìjọba ṣe mọ òun. Mo ní ìjọba mọ gbogbo ènìyàn. Ó gbé e kiri abà, ó ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó ní òun kò lè máa fi ojú olójú ka ìwé òun, ló bá lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Tíṣà Raliat. Àlàmú sì ṣì ń bi mí ìgbà tí irúgbìn máa dé. Mo ní wọ́n ṣì ń wádìí ilẹ̀. Irọ́ kọ́.

Nínú owó irun tí o ń dì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ìwé àti pẹ́ńsù fún ìyá rẹ. Má kánjú o. Bó bá pẹ́ díẹ̀, kò burú.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ibi tí o bá fọwọ́ sí kò ní di ẹkún fún ọ.

Àbẹ̀ní, má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. O mọ̀ pé bí ìyá rẹ bá wá kí ọ, abẹ́ ìrọ̀rí ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Lánàá, ó ti dé orí GB nínú ABD tí Tíṣà ń kọ́ ọ. Kó tó dé Y, fi lẹ́tà yìí dáná. Iná igi ni mo wí o.

Bàbá rẹ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ,
Fádèyí.