Pádì Bíńgò

Àyànfẹ́olúwa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ àti Jesse, ọmọ ọmọ mi? Gbogbo wa ní Ọ̀kà ń kí yín. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Bíńgò ti mọ pádì tí o fi ránṣẹ́ pé kó máa tọ̀ sí. Inú ilé ni mo ń tì í mọ́, torí wọ́n ń jí ajá pa jẹ ládùúgbò. Mo fi ìtọ̀ rẹ̀ díẹ̀ sórí pádì tuntun kó lè gbóòórùn rẹ̀; kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Mò ń kọ̀wé yìí, mò ń dìde, mò ń jókòó. Bàbá yín ti ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ́ pádì sábẹ́ rẹ̀, mo ní torí ajá ni. Láràárọ̀ ló ń bá Bíńgò wí, bẹ́ẹ̀ Bíńgò ò gun bẹ́ẹ̀dì wa rí. Bàbá yín kọ̀, kò lọ sọ́sibítù n'Ìkàrẹ́. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n má ní èmi ni mo sọ.

Ọlọ́run á dá gbogbo wa sí. Bàbá yín ń pè mí láti yàrá báyìí: "Sọ fún Àyànfẹ́ kó fi èyí tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́. Bíńgò ti ń dàgbà."

Èmi ìyá rẹ.