Ohùn Tàǹtí Ṣàkírát

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án
Ó parí! Kàáfúnmi, ètò kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe: ọmọ á tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá, kọ̀ǹpútà á pè é sí i létí. Ohùn Tàǹtí Ṣàkírát, tàǹtí mi tó ń ta aṣọ, ni. Fún kíláàsì ọ̀rẹ́ mi Kadi ní Abobo, àdúgbò kan nílùú wa — àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ èdè ilé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ Faransé ló ń jáde lẹ́nu wọn. Kọ̀ǹpútà Kadi ti gbó, ètò Linux fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló lè gbé. Ẹgbẹ́ méjì tó ń ṣe irú Linux bẹ́ẹ̀ ni mo fi ẹrù mi, Kàáfúnmi, ránṣẹ́ sí, kí wọ́n fi í sínú tiwọn. Àkọ́kọ́, Ilé Ẹ-Wọlé lẹ́nu tèmi, gbà á kí n tó jẹ dòdò alloco mi tán. Ní ìkejì, ẹni tí mo sọ ní Ọ̀gbẹ́ni Rárá ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n lọ tún orúkọ fáìlì kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Rárá tún dá a padà. Nítorí àlàfo kan ṣoṣo nínú orúkọ fáìlì! Ọlọ́run ló mọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fara dà á.

Ọjọ́bọ̀, 11
Abobo. Ọkọ̀ gbaka, oòrùn, ìyà. Mo gbé ẹrù Ẹ-Wọlé sórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ «omi». Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Kadi ní: «Ṣèyí, ó ń gbààwẹ̀ ni?»
Mo wá ìdí rẹ̀. Ní Ilé Ẹ-Wọlé, ẹnikẹ́ni ló lè fọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ti yọ gbogbo ohùn dànù, kò bèèrè. Inú rere ló fi ṣe é o — ó tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti fúyẹ́ báyìí! Bí ẹni yin àgbàdo tán, tó wá gbé ṣùkù fún ọ.
Ó di ọwọ́ Rárá. Kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Rárá ní ó ku ìbéèrè kan: ta ló ni ohùn yìí? Ṣé ó gbà kí ẹni tó bá wù ú dà á kọ, gé e, tún un ṣe? Láìsí ìyẹn, kò wọlé.
Inú bí mi. Ohùn tàǹtí ẹni náà ń gba ìwé ìrìnnà? Ìgbà tó yá, ara mi rọ̀. Òótọ́ ni, èmi náà ò bi í. Mo kàn ní kó máa kà, ó ń kà.
Tó bá kọ̀ ńkọ́? Kò sóhùn mìíràn.

Ọjọ́ Ajé, 15
Ìsọ̀ aṣọ Tàǹtí ní Treichville. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti Ẹ-Wọlé.
«Donc, wọ́n lè couper ohùn mi, kí wọ́n gé e?»
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ká aṣọ pagne méjì.
«Ṣèyí, aṣọ tí mo bá tà, ṣé mo máa ń tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀?»
Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ń yọ fóònù kó lè sọ sínú rẹ̀ fún Rárá pé òun gbà. Ó ní kí n ní sùúrù. Èyí tó kà níjọ́sí, èmi ló kà á fún. Ó ń sáré, ó tún ń dá oníbàárà lóhùn. «Ti gbogbo ayé yìí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mumi.»
Tàǹtí ti ìsọ̀ lọ́sàn-án gangan! Ó tún gèlè ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọ̀rọ̀ náà lákọ̀tun, láti «àbúrò».

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20
Ó wọlé lọ́dọ̀ Rárá lánàá. Inú mi dùn dé eegun.
Abobo láàárọ̀. Mo tẹ «ẹ káàárọ̀», ohùn Tàǹtí jáde ketekete. Ọmọbìnrin kan, tí Kadi ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí, dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.
«Ẹ káàárọ̀, mà.»