Kọ̀ǹpútà Ilé Wa Tí Ẹnjiníà Nù Mọ́

                                                  Ojúlé Kejìlá,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti fi ara wọn sílẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń bu ara wọn jẹ? Baba wọn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró.

Ní tèmi, ara le, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, òrùlé wa ò jò. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ọ pé inú mi dùn, irọ́ ni mo pa. Inú ń bí mi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Mò ń bá a jẹun, mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbé e bọ̀, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún délẹ̀délẹ̀ àfi ìwọ.

O mọ Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo sọ fún ọ pé ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú tán. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi gbẹ̀bí ní ọsibítù, wọ́n sì ní ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n kọ ọmọ tí wọ́n bá gbà sí. Ohun tó wà nínú àwọn ìwé náà ò ju ìlà kọ̀ọ̀kan lọ: ọjọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìwọ̀n ọmọ, bóyá ó sunkún. Ìtàn gan-an, ẹnu wọn ló wà. Torí náà ni mo ṣe máa ń fà wọ́n lọ́wọ́ wá sí ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ilé wọn ò ju ojúlé mẹ́ta sí tiwa. Màá ka ìlà kan fún wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọkọ tó dákú lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní láti wá bẹ́ẹ̀dì fún òun náà. Ìyá tó ní òun ò bí mọ́, òun ń lọ sílé, tó sì wọ bàtà lóòótọ́. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin la fi ṣe é. Ìtàn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ni, mo sì kó wọn sí fódà mẹ́rìndínlógún, ìwé kan sí fódà kan.

Kọ̀ǹpútà náà ti wá ń falẹ̀. Bí a bá tàn án, èèyàn lè lọ wẹ̀, kó wọṣọ, kó padà wá bá a níbi tó ti ń ronú. Ni bàbá àwọn ọmọ bá ránṣẹ́ sí àbúrò wọn. Ẹnjiníà ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí pé ó tún rédíò kan ṣe nígbà tó wà nílé ìwé, rédíò náà sì sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. O mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni mo fi dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ẹbí kí n tó wọlé, nítorí náà "Bùọ̀dá" ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ó jókòó, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Ìyàwó wa," ó ní, "ìdọ̀tí ló kún inú ẹ̀. A máa nù ún mọ́ tónítóní, a ó wá da gbogbo nǹkan yín padà sí i. Á máa sáré bíi tuntun."

Mo bi í pé, "Bùọ̀dá, àwọn ìtàn Ìyá Agbẹ̀bí ńkọ́? Ṣé ẹ ti dà wọ́n kọ síbòmíì?"

Ó ki fíláàṣì rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí i fún mi. Lóòótọ́, orúkọ àwọn fódà mi tò síbẹ̀, láti Ìwé Kìíní títí dé Ìwé Kẹrìndínlógún. Mo rí orúkọ, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò ní kó ṣí ẹyọ kan wò. Ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Ó nu kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kẹta ló gbé e padà wá. Ó ń sáré lóòótọ́. Mo tẹ Ìwé Kìíní, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ohun tí mò ń wá. Mo tẹ Ìwé Kejì, ohun kan náà. Mo tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tán pátápátá. Ohun tí Ẹnjiníà dà kọ kì í ṣe fódà. Àwọn àwòrán kéékèèké tó wà lójú kọ̀ǹpútà, tó kàn ń júwe ibi tí fódà wà, ni ó dà kọ. Àfi bí ẹni tí wọ́n ní kó kó ẹrù jáde nínú ilé tó ń jóná, tó wá jẹ́ pé nọ́ńbà ojúlé ara ògiri ló yọ gbé sá.

Mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ fara balẹ̀. Ṣebí àwọn ìwé yẹn ṣì wà nílẹ̀? Ẹ tún un tẹ̀ náà ni. Ẹ sì wo bó ṣe ń sáré."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ìwọ, ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tí o ṣe?"

Bàbá àwọn ọmọ jókòó tì wá láti ìgbà tí mo ti ń tẹ fódà, wọn ò gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbójú sókè. "Ta lò ń pè ní ìwọ?"

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ fáìlì kúrò nílẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ "ìwọ". Ìyá ọkọ mi pè lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pè. Wọ́n ní ahọ́n mi ti gùn jù, wọ́n ní èmi tí wọ́n ń fi yangàn, ṣé báyìí ni mo ṣe rí. Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀, kí n bẹ Ẹnjiníà. Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin run, kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan já bọ́ lẹ́nu mi, gbogbo ẹbí sáré wá ṣà á. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò kúnlẹ̀.

Ọ̀gá mi níbi tí a ti ń rán aṣọ ilé ìwé ló júwe obìnrin kan fún mi, tó ń wá ohun tó bá sọnù nínú kọ̀ǹpútà. Òkè ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe bàtà ló wà. Mo fi aṣọ di kọ̀ǹpútà bí ọmọ, mo gbé e gun àtẹ̀gùn rẹ̀ ní wákàtí ìsinmi mi.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Lẹ́yìn tí wọ́n ti nù ún, ṣé wọ́n ti kó nǹkan míì sí i?"

Mi ò mọ̀. Ó tàn án, ó wò ó. Fíìmù ogójì ni Ẹnjiníà ti kó sínú ẹ̀, kó lè fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń sáré. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí a bá nu nǹkan kúrò nínú kọ̀ǹpútà báyìí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń pa rẹ́. Ohun náà fúnra rẹ̀ ṣì lè wà níbi tó wà, títí tí nǹkan míì á fi wá jókòó lé e lórí. "Ìgbà tí ẹ ti rí i pé ó sọnù ló yẹ kẹ́ ẹ ti pa á, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́," ó ní. "Fíìmù yìí ti jókòó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn."

Mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún un fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo padà, ó ti rí igba ó lé mọ́kànlá kó jáde. Ọgọ́rùn-ún ti lọ pátápátá. Àwọn tó sì padà, kò sí orúkọ lórí ẹyọ kan, nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n dàrú mọ́ra bí káàdì tí wọ́n pò.

Ó wá ku kí n sọ fún Ìyá Agbẹ̀bí. Mo ti ń fi irọ́ sún wọn síwájú, mo ní kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójú fèrèsé, mo sọ gbogbo ẹ̀, mo ń retí ẹkún. Wọ́n kàn ní, "Èwo ló kù?" Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, ó dá mi lójú pé ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn aláìlórúkọ. Bí mo bá ka ìlà méjì péré, wọ́n á ní, "Dúró. Obìnrin oníbàtà nìyẹn. Ìwé kẹfà, àárín." Màá lọ wo ìwé kẹfà, àárín, ibẹ̀ náà ni. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú mẹ́ta la fi tò wọ́n padà sáyè wọn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bàbá àwọn ọmọ wá jókòó tì wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn wọn. Mò ń ka ti ọkọ tó dákú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rí ojú mi, ẹ̀rín náà sì gbẹ. Láti ọjọ́ náà wọn ò sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò bẹ̀ mí. Mò ń se oúnjẹ wọn, mò ń lọ aṣọ wọn, mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Ọgọ́rùn-ún tó lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn kọ láti ẹnu Ìyá Agbẹ̀bí. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ka ìlà kan nínú ìwé kẹwàá: "Obìnrin. Kílò méjì àti ààbọ̀. Ó sunkún." Ọjọ́ ìbí tèmi ni. Ohun tí wọ́n sọ nígbà àkọ́kọ́ kò le, pé mo jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, pé ẹkún mi jí gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo ti gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà láti tẹ ohun kan náà.

Wọ́n ní, "Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. O ò sunkún."

Wọ́n ní ìyá mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ò dá. Mo jáde, mi ò mí. Wọ́n ní, "Mo gbá ọ nídìí lẹ́ẹ̀mejì, o ò dáhùn. Mo fi aṣọ bò ọ́, mo gbé ọ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo kọjú sí àbúrò mi, kí n má baà pàdánù ẹ̀yin méjèèjì. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ló ṣí aṣọ yẹn. Òun ló fi ẹnu fa imú rẹ, tó fi tówẹ̀ẹ̀lì ra ẹ̀yìn rẹ, tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹkún. Mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Mo wá kọ ọ́ síwèé pé ó sunkún."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní èyí tí àwọn sọ nígbà àkọ́kọ́, kó lè bá ìwé mu ni àwọn ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo wá ní ó ti sọnù, àwọn rí i pé àwọn ò ní lè pa irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ìbejì, mo dìde, mo lọ sí kíṣìnnì, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ru sókè, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè dà á lé lórí. Èmi ni wọ́n fi aṣọ bò. Obìnrin tó ṣí mi, wọ́n ní kó lọ nulẹ̀. Mo padà sí pálọ̀, wọ́n ṣì jókòó síbi tí mo fi wọ́n sí, wọ́n kọjú sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà. "Má bínú, ọmọ mi," wọ́n ní. "Mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì ṣẹ obìnrin yẹn." Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nínú gbogbo èèyàn tí mo bá jà, tí mo bá yan odì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ló bẹ̀ mí. Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Mo ti ṣe ẹ̀dà mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ̀kẹta ni fíláàṣì tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé tí o bá nínú àpò lẹ́tà yìí. Bá mi tọ́jú rẹ̀ sílé rẹ, nítorí pé obìnrin tó bá mi wá àwọn ìtàn náà jáde ní ẹ̀dà tó bá wà lábẹ́ òrùlé kan náà, iná kan ṣoṣo ló máa jó gbogbo wọn. Jọ̀wọ́, ṣí wọn, kà wọ́n, kó dá ọ lójú pé wọ́n ń ṣí.

Ní ti Ẹnjiníà, mo ti padà sí "ẹ", nítorí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ wa. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé kò dé inú.

Bá mi kí baba ìbejì, bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí aládùúgbò yín tó máa ń fi ata ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí Màmá yín dáadáa. Ìdí ìfọṣọ ọsibítù yẹn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́, wọ́n á ti mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń nulẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ò rántí orúkọ obìnrin náà. Wọ́n ní ó pupa, ó ga, ó máa ń fi ọwọ́ òsì lo ìgbálẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ kí n tó pé ọmọ ọdún kan. Mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn yẹn, àyè náà ṣì ṣófo. Bá mi bi Màmá yín, kí o sì kọ̀wé padà kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ nìkan ni o kọ.

Èmi ni tìrẹ nínú ẹ̀rín, tìrẹ nínú ìbínú,

Adúmáadán