Ìdánwò Tí Ọsibítù Fi Ránṣẹ́ sí Ìbàdí Mi

Malete,
Ọjọ́ kẹrin oṣù December, 1978.

Hajarat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé Sàídù ọkọ rẹ wà dáadáa, ṣé ọmọ ń jẹun? Bí ẹ bá béèrè wa, a wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ fìlà mi. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o rí ibi, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ìbàdí rẹ kò ní nílò irin bíi tèmi. Kí o ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Làbárè tó gbà mí lọ́kàn ni pé ọsibítù tó pààrọ̀ egungun ìbàdí mi lọ́dún tó kọjá kọ lẹ́tà sí mi. Bí mo ṣe rí òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀ ni àyà mi já. O rántí Danjuma tó sùn ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, tó ṣèèṣì ká kúbùsù wọn mọ́ ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Lẹ́tà ni wọ́n kọ sí òun náà, kúbùsù sì padà. Mo wá ń rò ó pé bí wọ́n bá lè tìtorí kúbùsù wá ènìyàn kàn, kí ni wọn ò ní ṣe lórí irin olówó ńlá tó wà nínú ara mi yìí, tó jẹ́ pé wọn yóò kọ́kọ́ là mí ná kí wọ́n tó rí i mú.

Tíṣà Olúyẹmí, ará Ọ̀mù-Àrán tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa níbí, ló bá mi kà á. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ gba nǹkan kan, ó ní wọ́n kàn fẹ́ mọ bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe bá mi lára mu ni, àti ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ìbéèrè méjìlá ni, nọ́ńbà wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ó máa fi àmì sí. Mo ní kí Tíṣà sọ òótọ́ fún mi, bí ó bá gbé irú ìwé yìí síwájú àwọn ọmọ tiẹ̀, kí ló ń pè é? Ìdánwò ni. Ọmọ tó bá sì gbòdo, wọ́n ń gba àga lábẹ́ rẹ̀ ni, ìbàdí tó bá gbòdo, a jẹ́ pé wọ́n á wá mú un nìyẹn.

Mo bá jókòó tì í, lórí àga gíga o, nítorí dókítà ní n kò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí ìjókòó kúkurú mọ́. Wọ́n ní ṣé mo lè rìn láìmú ọ̀pá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé ẹnì kan wà nílé tó ń ràn mí lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun ló ń pọn omi ìwẹ̀ mi, òun ló ń lé mi jáde láràárọ̀ kí n lọ rìn, pé bí irin náà bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Àpótí inú ìwé náà kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé la kọ ọ́ sí.

Wọ́n tún ní ṣé mo lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra mi. Hajarat, mi ò ní ìbọ̀sẹ̀ rí láyé mi. Mo yá ti Tíṣà. Dókítà yìí kan náà ló sì ní n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ jù, mo rí i pé ẹ̀tàn ni wọ́n fẹ́ fi mú mi, mo bá mú igi tí a fi ń ká máńgòrò, mo fi ìkọ́ rẹ̀ fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀, ó gbà mí láti àárọ̀ di ìgbà tí oòrùn kanrí. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi bọ́ ọ. Ìyá rẹ ní mo dà bí agbowó-orí. Wọ́n ní ṣé mo lè gba ọ̀rẹ́ mi níyànjú kó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Mo lọ bá Garba ọ̀rẹ́ mi lóko rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo gbà á níyànjú. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ìbàdí òun. Mo ní kí ló kan ìyẹn, ṣebí ìdánwò mi là ń sọ. Kò tíì kí mi láti ìgbà náà.

Èyí tó fẹ́ pa mí ni ìkẹsàn-án, ṣé mo lè gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ta ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Malete? Mo gun òkìtì ọ̀gán ẹ̀yìn ilé, Tíṣà ní ìyẹn kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo lọ sídìí mọ́tò tó ń kó iṣu lọ ọjà Ìpàtà, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún, lẹ́ẹ̀mẹta. Awakọ̀ bi mí bóyá mò ń lọ tàbí n kò lọ, mo ní ìbàdí mi ni mò ń dán wò, ó ní kí n san ìdajì owó ọkọ̀. Tíṣà ní kí n ṣáà fi àmì sí i pé mo lè gùn ún, ta ni yóò mọ̀. Mo ní Ọlọ́hun yóò mọ̀, irin náà yóò sì mọ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn ló wá lẹ́tàn jù, ṣé iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá ní ó tẹ́ mi lọ́rùn, ẹni tó bá ní òun yó ni wọ́n ń kó àwo kúrò níwájú rẹ̀. Bí mo bá ní kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo di ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, wọ́n sì lè ní kí n kó irin àwọn wá. Lọ́jọ́ Iléyá, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé Yídì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, mo sì sunkún lórí ìrun. Kò sí àpótí kankan fún ìyẹn.

Mo ti wá rí ọ̀nà tí n ó fi dáhùn ìbéèrè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé rẹ ní Ọjà Tuntun. Láti ọjọ́ tí o ti wọlé ọkọ, ìsàlẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Lọ́jọ́ tí ẹ sọmọ lórúkọ, ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, wọ́n gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, n kò sọ fún ọ ni. N kò tíì mọ ibi tí o ń gbé orí lé sùn.

Fi náírà márùn-ún ránṣẹ́ fún owó ọkọ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ tuntun kan, nítorí igi tí a fi ń ká máńgòrò ti ya ti Tíṣà, kí o sì fi nǹkan kún un fún ìyá rẹ, ó ní òun náà wà nínú ìdánwò yìí. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó dé. Kí Sàídù má dì mí lápá mú, kí wọ́n má baà ní mo jí ìwé wò. Tí mo bá jókòó sínú yàrá rẹ tán ni n ó tó fi àmì sí ìbéèrè ìkẹyìn.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sílé rẹ, ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, ibi tí o bá ń gbé, ẹsẹ̀ àwọn òbí rẹ á máa ká a. Má gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ o. Òkè ni n ó ti jẹ ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulmumini.