Ìhágún Ìyá Tó Jẹ́rìí Ta Ko Ọmọ Rẹ̀

Èmi, Ismay Leonora Gallimore, opó, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ Tamarind Gap ní àgbègbè Saint Mary, ní erékùṣù Jàmáíkà, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orúnkún ń dùn mí, ojú mi ọ̀tún sì ti ń ṣú, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò tì mí, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ mí. Mo fagi lé gbogbo ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ ní ọdún 2010.

1. Àwọn tí mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ ni Ọ̀gbẹ́ni Clement Pinnock, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, àti ọmọ mi obìnrin, Hyacinth.

Yóò ya àwọn ará abúlé lẹ́nu pé Pinnock ni mo yàn. Nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógún, ó fẹ́ fẹ́ mi. Mo kọ̀ ọ́ nítorí pé ó máa ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe bí ẹni tó ń tún iṣẹ́ ọmọ iléèwé ṣe. Ní ìpàdé tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, òun ló ta kò mí jù lọ. Ṣùgbọ́n ìṣojú mi ló ti ta kò mí, kò dúró dìgbà tí mo kẹ̀yìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní jí abọ́ mi nígbà tí mo bá kú.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àwọn ewúrẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ilẹ̀ orí òkè tí mo ń gbin píméńtò, èròjà ọbẹ̀ olóòórùn dídùn, sí pẹ̀lú pèpéle tí a ń sá èso rẹ̀ sí, mo fi wọ́n fún Hyacinth. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì bù mọ́ ọn, kò bù kúrò níbẹ̀. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo dúpẹ́ báyìí.

3. Òbúkọ mi tó máa ń kan ènìyàn, mo fi fún Pinnock. Àwọn méjèèjì yóò yé ara wọn.

4. Ilé tí mo ń gbé, ilẹ̀ tó yí i ká, àti ibùsùn tí mo bí i lé lórí, mo fi wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin, Lenworth Gallimore. N kò fi àdéhùn kankan kọ́ ọ lọ́rùn.

Níhìn-ín ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kí ẹnikẹ́ni má ba à sọ pé arúgbó ti ń ṣàrán.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Lenworth, tó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, yìnbọn pa Oral Tulloch nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni ọdún méjìlélógún ni Oral, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Èmi ni mo máa ń fún ìyá rẹ̀, Verona, ní lẹ́tà tí ọkọ rẹ̀ ń kọ láti òkè òkun. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ ni pé Oral ló kọ́kọ́ yìnbọn, pé àwọn sì bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Lenworth wá síbí. Mo sun bẹrẹfúùtù fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí, ó wá ní, “Màmá, páǹpù kẹ̀kẹ́ ni. Mo rò pé ìbọn ni. Ó kàn yíjú sí mi báyìí, mo yìnbọn fún un. Páǹpù ni.”

Mo ní, “Ìbọn tí wọ́n ní àwọn bá lọ́wọ́ rẹ̀ wá ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ má bi mí ní ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́.”

N kò bi í. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Verona á wá gba lẹ́tà, á kí mi pé, “Ìyá Lenworth, ẹ kú iṣẹ́ o,” èmi náà á dáhùn, n ó sì máa wá lẹ́tà tó ti wà lọ́wọ́ mi, kí n má ba à wo ojú rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2008, a pèpàdé ní gbọ̀ngàn iléèwé: ṣé kí abúlé kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n gbé ọlọ́pàá tó pa Oral lọ sílé ẹjọ́, àbí kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀? Pinnock dìde. Ó ní, “Lọ́dún tó kọjá, àwọn oníbọn pa ẹni mẹ́ta lójú ọ̀nà ọjà. Ta ló sáré wá? Ṣebí ọlọ́pàá ni. Ẹ máa kó wọn lọ sẹ́wọ̀n, ká wá wo ẹni tó máa sáré wá nígbà míì.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. N kò ní sọ pé irọ́ ló pa.

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, “Tíṣà, ẹni tá a gbé ìbọn lé lọ́wọ́ pé kó máa ṣọ́ wa, ṣé ká má bi í bó ṣe lò ó ni?” Ariwo sọ. Ọkùnrin kan ní ọmọ ìta ni Oral tẹ́lẹ̀. Iwájú ni Verona jókòó sí, kò yíjú padà. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò tí mo fi rí i pé mo ti wà lórí ìdúró.

Mo ní, “Páǹpù kẹ̀kẹ́ ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Lenworth fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.”

Pinnock ní, “Ismay, ọmọ rẹ lo tà yẹn.”

Mo ní mo mọ̀.

Ní ọdún 2010, mo tún un sọ nílé ẹjọ́, ọwọ́ mi wà lórí Bíbélì. Agbẹjọ́rò Lenworth bi mí pé, “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ràn ọmọ yín?” Mo ní kó wo ojú mi dáadáa kó tó tún un bi mí. Ó padà jókòó. Àwọn méjìlá tí wọ́n ṣà láti inú ará ìlú láti dá ẹjọ́ náà wọlé lọ gbìmọ̀. Wákàtí kan kò pé tí wọ́n fi jáde, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn òde, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń sunkún. Ọmọ mi gba iwájú mi kọjá bí ẹni tó kọjá lára òpó. Ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ lọ́dún náà, ó ń ta ọ̀dà ìkunlé ní Mandeville. Láti ìgbà náà, kò wọ ilé yìí mọ́.

Wọ́n ní mo fẹ́ kí wọ́n so ó kọ́. Irọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó sọ ohun tó sọ nídìí tábìlì mi níbi tí Verona yóò ti gbọ́ ọ. Ká ní ó sọ ọ́ ni, tí wọ́n sì tì í mọ́lé, èmi ni n bá máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Lenworth, kì í ṣe torí pé o kì í ṣe ọmọ mi mọ́ ni mo ṣe jẹ́rìí. Ilé rẹ nìyí. Òrùlé apá ìlà-oòrùn ń jò.

5. Kí ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde níbi ìsìnkú pe mí ní akọni. Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ kò fi ọmọ tiwọn san án.

6. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí igi bẹrẹfúùtù mẹ́ta wà, Verona Tulloch ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ sọ fún un. Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀wà òtílí. Ó gbọ́ mi dé òpin.

Ó ní, “Ìyá Lenworth, mi ò fẹ́ ilẹ̀.” Ó bó díẹ̀ sí i. “Àwọn wo ló máa fọwọ́ síwèé yẹn?”

Mo ní òfin fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì, pé ẹni tó bá jogún nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ó gbọn èèpo òtílí kúrò nítan. Ó ní, “Ẹni méje ló wà nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ lẹ sọ ọ́. Ẹ yọ mí kúrò láàárín àwọn ajogún. Ẹlẹ́rìí ni kẹ́ ẹ kọ mí sí.”

Nítorí náà, ilẹ̀ náà di ti Hyacinth.

Mo ti ka ìwé yìí sókè fún ẹlẹ́rìí méjèèjì lónìí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Nígbà tí mo dé orí abala kẹrin, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Verona ní, “Ẹ máa kà á.” Mo kà á tán.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Ismay Leonora Gallimore

Àwọn ẹlẹ́rìí tí mo fọwọ́ síwèé níṣojú wọn:

Egbert Dacres, pásítọ̀, Tamarind Gap

Verona Tulloch, ìyá Oral