Olóògbé Oyèbánjí Ògúnníyì, Ẹni Tó Tẹ Orúkọ Àsin Sínú Ìwé Ìròyìn

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wá bá wa kẹ́dùn, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àbọ̀. Ayédé-Èkìtì ni wọ́n ti bí bàbá wa lọ́dún 1908, ní agbo ilé alágbẹ̀dẹ. Ògúnníyì, tó ń bọ Ògún, ni bàbá wọn. Àrìnkẹ́, ọmọ Ìpáò, ni ìyá wọn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n ṣe ìrìbọmi lọ́dún 1924, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1935 ni wọ́n gbé ìyá wa, Elizabeth, ọmọ Ìkọ̀lé, níyàwó.

Lọ́dún 1953 wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù, wọ́n gbé e sí Ìkọ̀lé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jáde ní Sátidé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ta ni yóò ra ìròyìn oko. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ará Àsin, ìlú kékeré kan nítòsí Ìkọ̀lé, kọ́kọ́ rí orúkọ ìlú wọn nínú ìwé, àgbàlagbà ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń bèèrè pé ṣé Àsin tiwa yìí náà ni. Ẹni tí kò mọ̀wé náà ra tiẹ̀. Bàbá àgbà wa alágbẹ̀dẹ wá wo ẹ̀rọ náà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ní irin tó ń sọ̀rọ̀ rèé. Ẹnu ṣì ń yà wá títí dòní.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1958 kò ṣeé fò dá. Tíṣà Fájọbí ti Àsin bí ọmọbìnrin. Ìyàwó rẹ̀, Ọláyínká, ti sin ọmọ méjì ṣáájú. Inú tíṣà dùn jù, ó sọ orúkọ tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún bàbá wa, bàbá wa sì tẹ̀ ẹ́ jáde: Kẹ́mi. Ọjọ́ ìkómọ kò tíì pé! Ta ni kò mọ̀ pé a kì í pe orúkọ ọmọ síta kó tó di ọjọ́ kẹjọ? Wọ́n kà á sókè ní gbangba Àsin, ìyá ọmọ gbọ́, ó bú sẹ́kún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ibà mú ọmọ. Ìlú ní ìwé ìròyìn ti pè é fún ikú.

Bàbá wa ti ilé ìtẹ̀wé pa, wọ́n forí lé Àsin, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àbẹ̀ní, ìyá tíṣà. Wọn ò ti ẹ̀bi sí tíṣà lọ́rùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àbẹ̀ní ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń gbàdúrà, àgbàlagbà ẹni àádọ́ta ọdún! Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, ibà ti lọ, ọmọ ń mu ọmú. Kàkà kí Àbẹ̀ní gbé ọmọ fún ẹbí rẹ̀, bàbá wa ló gbé e fún. Ó ní, “Ìwọ lo kọ́kọ́ pè é. Máa pè é lọ.” Bàbá wa sunkún níwájú gbogbo ìlú.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni ìwé ìròyìn wọn ń kéde pé Kẹ́mi Fájọbí ti Àsin wà láàyè. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn, tí a wá ń ròyìn rẹ̀ nílé, wọ́n bi wá pé ṣé ó ti dárúkọ Kẹ́mi. A ní rárá. Wọ́n ní ó dáa, kí a jẹ́ kí àwọn máa tẹ̀wé àwọn lọ.

Alàgbà ìjọ ni wọ́n títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹwàá ọdún yìí, 1968. Wọ́n fi ìyá wa sáyé lọ, àti àwa ọmọ wọn, Ilésanmí, Ọbáfẹ́mi àti Afọlábí, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. A ka Kẹ́mi mọ́ wa. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ti Àsin wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ bàbá lẹ́bàá sàréè ṣáájú òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó pè é.

Bàbá wa, ọmọ alágbẹ̀dẹ Ayédé, kí ilẹ̀ rọ̀ yín lẹ́yìn. Ẹ sùn re o.