Nọ́ńbà Tí N Kò Fẹ́ Bi Rónkẹ́

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kí Bàámi, mo kí Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ àti gbogbo ará ilé ní Ìkẹ́rẹ́. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Òjò ti sọ àdúgbò wa ní Ìkòtún di ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò fẹ́ wọlé mọ́.

Màámi, owú ń jẹ mí. Ẹ ó rántí Rónkẹ́, ọmọ Oǹdó tí mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ wa. Èmi ni mo fi ibi tí a ń gbé ṣúgà sí hàn án. Ní báyìí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ọ̀gá mọ̀ ọ́n pè. Ọ̀gá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Bàrúwà, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni yóò sì jẹ́ olórí rẹ̀. Ọmọ náà tún mọ orin kọ, ìyẹn gan-an ń dùn mí.

Iṣẹ́ wa ni kí a to ìwé ètò ìsìnkú sórí kọ̀ǹpútà, kí a sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba fáìlì ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Nọ́ńbà ni sáfà fi ń fèsì. Rónkẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì, ó ti parí; tó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ ní sùúrù, ẹ tún gbìyànjú; tó bá jẹ́ márùn-ún, ẹ lọ tún nǹkan ṣe, bóyá páṣíwọ́ọ̀dù lẹ ṣì tẹ̀. Fóònù mi ni mo ń wò ní gbogbo àsìkò yẹn, kó má baà rò pé òun ń kọ́ mi níṣẹ́, n kò sì gbọ́ ohun tó sọ nípa ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi àwòrán ìyá àgbà kan tó kú ní Ẹ̀gbẹ́dá ránṣẹ́. Sáfà fèsì 150. Mo rí i pé kì í ṣe márùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀, mo ní ó ti wọlé, mo pa kọ̀ǹpútà. Rónkẹ́ jókòó ti mí, n kò bi í. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. 150 túmọ̀ sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. 226 ló yẹ kí n dúró dè. Ìdajì àwòrán ló dé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀: iwájú orí màmá, ojú, imú, ìyókù dà bí eérú.

Ọmọ màmá náà gbé ìwé wá. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò nu ibi tó yẹ kí ẹnu ìyá rẹ̀ wà. Ọ̀gá béèrè ẹni tó fi ránṣẹ́. Kí n tó lanu, Rónkẹ́ ní òun ni, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ó tún un fi ránṣẹ́, ó dúró de 226, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba ìwé tuntun wá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó yẹ kí n dúpẹ́, àmọ́ inú ló bí mi. Ìwà rere náà tún di tirẹ̀. Lánàá, ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní nítorí àwòrán tí Rónkẹ́ bà jẹ́ yẹn, èmi lòun yóò fi ṣe olórí ní Bàrúwà.

Ọ̀la ni n óò sọ òtítọ́ fún ọ̀gá. Mo gbé lẹ́tà yìí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á, kí n má baà rí ọ̀nà sá.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará ọ̀nà. Bí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ pe orúkọ Rónkẹ́ mọ́ tèmi. Èmi kò tíì lè pè é.

Ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé